Fífi Omi Bo Oko: Èrè àti Ewu Rẹ̀ fún Irúgbìn àti fún Ilẹ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń dá oko sí àkùrọ̀, ẹ ó ti rí oko ìrẹsì tí ọ̀ràn rẹ̀ rí báyìí. Ní apá kan, ìrẹsì dúdú minimini, ó sì ga dé ìbàdí ènìyàn. Ní apá kejì, tí kò jìnnà ju ogún ẹsẹ̀ bàtà lọ sí ti àkọ́kọ́, ewé pọ́n bí bàbà, ìdí rẹ̀ kò yọ ọmọ, ohun kan sì léfòó lójú omi tí ó dúró sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń dán bí epo. Irúgbìn kan náà ni a gbìn sí apá méjèèjì, ọjọ́ kan náà ni a gbìn ín, ajílẹ̀ kan náà ni a sì fún un. Ẹni tí ó ni oko yóò wí pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti gbó, tàbí pé ẹni tí ó ta irúgbìn fún òun ni ó rẹ́ òun jẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí èyí tí ó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Omi ni. Omi kan náà tí ó mú apá kìíní yè ni ó ń pa apá kejì, nítorí pé ní apá kìíní omi ń wọlé, ó sì ń jáde, ṣùgbọ́n ní apá kejì ó wọlé, kò sì rí ọ̀nà jáde.

Àwọn àgbà wa ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dà á láì la ọ̀nà fún un, ẹrẹ̀ ni yóò tẹ̀. Nínú ìwé pélébé yìí, a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà ìbomirin tí ó pẹ́ jù lọ láyé, èyíinì ni kí a ṣí omi sí ojú oko kí ó sì tàn bo gbogbo ilẹ̀. Kò béèrè ẹ̀rọ, kò sì béèrè páìpù, bí orísun omi bá sáà ti ga ju oko lọ. Ọkọ́ àti agbára apá ni a fi ń ṣe é. Ìdí nìyí tí ó fi wọ́pọ̀ ju gbogbo ọ̀nà ìbomirin yòókù lọ ní àgbáyé títí di òní. Bóyá ìdí nìyí pẹ̀lú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò pé kò sí ohun tí a ní láti kọ́ nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilẹ̀ nígbà tí omi bá bò ó. Ilẹ̀ tí ó dára kì í ṣe ohun tí ó dì gbagidi. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni ó jẹ́ àlàfo tíntìntín, nínú èyí tí omi àti afẹ́fẹ́ jọ ń gbé. Gbòǹgbò irúgbìn ń mí nínú afẹ́fẹ́ yìí, àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké tí ojú kò lè rí sì ń mí nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí omi bá kún gbogbo àlàfo náà, afẹ́fẹ́ kò rí àyè wọlé mọ́, èyí tí ó sì ṣẹ́kù nínú ilẹ̀ ni àwọn ohun ẹlẹ́mìí wọ̀nyí yóò mí tán láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Wọn kò ní torí bẹ́ẹ̀ kú. Wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí wá ohun mìíràn tí wọn yóò fi rọ́pò afẹ́fẹ́. Lára náítírójìn ni wọn yóò ti kọ́kọ́ wá a, èyí tí í ṣe oúnjẹ tí ń mú ewé dúdú. Bí wọ́n bá ti lò ó tán, yóò di afẹ́fẹ́, yóò sì fò lọ kúrò nínú oko. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò kọjú sí irin. Ilẹ̀ wa pupa nítorí irin tí ó wà nínú rẹ̀, irú irin tí ó dà bí èyí tí ó ti dógùn-ún, tí kì í yọ́ nínú omi. Lábẹ́ omi tí kò ní afẹ́fẹ́, irin náà yóò yí padà di irú èyí tí ń yọ́. Ohun tí ó fà á nìyí tí ẹrẹ̀ abẹ́ omi fi ń rí bí eérú tàbí kí ó dúdú, nígbà tí ilẹ̀ òkè tí ó yí i ká pupa fòò.

Bí omi bá tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀ràn náà yóò burú sí i. Ẹ ki ẹsẹ̀ bọ ẹrẹ̀ tí omi ti dúró lé lórí fún ìgbà pípẹ́: afẹ́fẹ́ yóò máa hó pùtùpùtù jáde láti ìsàlẹ̀, òórùn rẹ̀ yóò sì dà bí ti ẹyin tí ó ti bàjẹ́. Apá kan nínú afẹ́fẹ́ tí ń hó yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní míténì, tí ó wà lára àwọn ohun tí ń mú kí ayé máa gbóná sí i. Èyí tí ń rùn bí ẹyin bíbàjẹ́ ni ó ń dun gbòǹgbò.

Irúgbìn tí ó pọ̀ jù lọ nínú oko wa kò lè fara da irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àgbàdo tí kò tíì ga dé orúnkún, bí omi bá dúró lé e fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ewé rẹ̀ yóò pọ́n. Bí ó bá kọjá ọjọ́ mẹ́rin, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni yóò kú. Tòmátì kì í tilẹ̀ ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀: ewé rẹ̀ yóò rọ nínú omi bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, àgbẹ̀ tí kò bá mọ̀ yóò sì tún bu omi sí i. Ẹ̀wà pẹ̀lú yóò pọ́n, ẹ̀gẹ́ yóò sì jẹrà nínú ilẹ̀. Fún àwọn wọ̀nyí, bí ẹ bá fẹ́ fi omi odò bomi rin wọ́n, orí ebè gbọọrọ ni kí ẹ gbìn wọ́n sí, kí omi máa gba poro tí ó wà láàárín ebè kọjá, kí ó sì tán níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó gun orí ebè.

Ìrẹsì yàtọ̀. Nínú igi rẹ̀ àti nínú gbòǹgbò rẹ̀ ni àwọn ihò tóóró wà, tí afẹ́fẹ́ ń gbà láti inú ewé lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Afẹ́fẹ́ náà tilẹ̀ ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí díẹ̀ nínú rẹ̀ ń jò jáde ní ẹnu gbòǹgbò, tí irin tí ó wà nítòsí sì ń dógùn-ún mọ́ gbòǹgbò lára. Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Ẹ hú ìdí ìrẹsì kan nínú omi kí ẹ sì ṣan ẹrẹ̀ rẹ̀ nù: bí gbòǹgbò tuntun bá funfun, tí àwọn ti àtijọ́ sì ní àwọ̀ bí ti ọsàn tí ó pọ́n, ara rẹ̀ le. Bí gbogbo gbòǹgbò bá dúdú, tí wọ́n sì ń rùn, ilẹ̀ náà ń fẹ́ afẹ́fẹ́, ẹ kò sì gbọdọ̀ fi omi kún omi níbẹ̀.

Nítorí pé ìrẹsì lè mí lábẹ́ omi, omi náà di ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọ̀nà púpọ̀. Ọ̀pọ̀ èpò tí ń yọ ìrẹsì orí ilẹ̀ gbígbẹ lẹ́nu kò lè hù nínú omi tí ó jìn tó ínṣì méjì, iṣẹ́ ìroko àgbẹ̀ yóò sì dín kù. Ilẹ̀ tí ó kan tẹ́lẹ̀, tí irúgbìn kò fẹ́, yóò máa bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan lábẹ́ omi. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí irin ti dì mú nínú ilẹ̀ pupa yóò tú sílẹ̀ nígbà tí irin náà bá yọ́, ìrẹsì yóò sì rí i jẹ. Àwọn ewé tíntìntín aláwọ̀ ewéko tí ń léfòó lójú omi sì ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ wá sínú oko lọ́fẹ̀ẹ́. Bí a bá ṣírò gbogbo oko ìrẹsì Nàìjíríà pọ̀, ohun tí a ń kórè lórí hẹ́kítà kan, èyí tí ó tó nǹkan bí éékà méjì àbọ̀, jẹ́ nǹkan bí tọ́ọ̀nù 2. Oko tí a ti kápá omi inú rẹ̀ dáadáa lè mú tọ́ọ̀nù 4 jáde, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

A sọ pé oko tí a ti kápá omi inú rẹ̀. A kò sọ pé oko tí omi pọ̀ nínú rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ láti Japan, pẹ̀lú àwọn ti IITA ní Ìbàdàn, ti bẹ̀rẹ̀ sí bá àwọn àgbẹ̀ Núpé ṣiṣẹ́ ní àwọn àkùrọ̀ tí ó wà ní agbègbè Bida, ní Ìpínlẹ̀ Niger. Omi kò wọ́n àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí, wọ́n sì ti ń gbin ìrẹsì sí i láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Ohun tí a fi kún iṣẹ́ wọn ni pé a pín àkùrọ̀ sí ojú oko kéékèèké, a mọ ògiri amọ̀ kékeré yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká, a ro ẹrẹ̀ inú rẹ̀ títí ó fi tẹ́jú pẹrẹsẹ, a sì fún ojú oko kọ̀ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà méjì: ọ̀kan ní òkè tí omi yóò gbà wọlé, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀ tí yóò gbà jáde. Sawah ni wọ́n ń pe irú oko bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó wá láti èdè àwọn ará Indonesia. Nínú irú oko wọ̀nyí ni a ti ń rí tọ́ọ̀nù 4 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí ó lọ wò ó máa ń bọ̀ wá ròyìn omi. Èrò tiwa ni pé ẹnu ọ̀nà kejì ni ó yẹ kí wọ́n máa ròyìn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí oko tí ewé rẹ̀ pọ́n bí bàbà, nítorí pé èyí jẹ́ àdánù kan tí ó wọ́pọ̀ ní àkùrọ̀, tí a kì í sì í mọ orúkọ rẹ̀. Òjò ń rọ̀ sórí òkè, ó ń wọ inú ilẹ̀ pupa lọ, ó ń gba abẹ́ ilẹ̀ ṣàn bọ̀ ní ìsàlẹ̀, ó sì ń yọ ní ẹsẹ̀ òkè níbi tí àkùrọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti kó irin mọ́ra lọ́nà. Bí ó bá dé inú ojú oko tí kò ní ọ̀nà ìjáde, yóò bá irin tí ó ti yọ́ nínú ẹrẹ̀ ibẹ̀, àwọn méjèèjì yóò sì pọ̀ ju ohun tí gbòǹgbò ìrẹsì lè dógùn-ún rẹ̀ sẹ́yìn lọ. Irin yóò wá wọ inú ìrẹsì. Àmì rẹ̀ ni àwọn ẹ̀kán pupa kéékèèké tí ń bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó ewé ìsàlẹ̀, tí yóò sì tàn títí gbogbo ewé náà yóò fi rí bí bàbà. Ó lè fara hàn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí a ti gbin ìrẹsì. Ó lè jẹ díẹ̀ nínú ìkórè, ó sì lè jẹ gbogbo rẹ̀.

Ní ti ohun tí ń dán bí epo lójú omi, ẹ má ṣe tètè fi ẹ̀sùn kan ẹni tí ó ń lo ẹ̀rọ ní òkè odò. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tọ́ ọ. Bí ó bá fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí gíláàsì, irin ni. Bí ó bá tún parapọ̀, epo ni, ẹ sì lè lọ wá ẹni náà lọ.

Àtúnṣe àkọ́kọ́ ni kòtò. Ẹ gbẹ́ ẹ sí ẹsẹ̀ òkè, kí ó jìn dé orúnkún, kí ó gba etí àkùrọ̀ lọ gbọọrọ, kí ó lè gba omi pupa tí ń yọ láti abẹ́ ilẹ̀ kí ó tó dé inú oko, kí ó sì gbé e lọ sí odò. Iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan ni fún ọkùnrin méjì lórí àkùrọ̀ tí kò tóbi, ó sì lè wúlò fún ọ̀pọ̀ ọdún bí ẹ bá ń kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀ lọ́dọọdún. Èkejì ni kí ẹ ṣí omi kúrò lórí ìrẹsì nígbà tí ó bá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà tí ẹ ti gbìn ín, kí ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí lanu díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tó dá omi padà. Afẹ́fẹ́ yóò wọlé, irin yóò sì tún dì. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ irú èyí tí ń ṣe wàhálà yìí lọ́dọọdún, ẹ béèrè irúgbìn FARO 52 lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn iṣẹ́ àgbẹ̀, nítorí pé ó ń fara da irin ju ọ̀pọ̀ irúgbìn mìíràn lọ. Ajílẹ̀ tí ó ní pọ́táṣíọ́ọ̀mù sì ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ má ṣe fi yúríà nìkan wo ewé pípọ́n náà sàn. A ti rí ọ̀pọ̀ owó tí ó wọ omi lọ ní ọ̀nà yẹn.

Irin nìkan kọ́ ni omi tí kò rí ọ̀nà jáde ń fi sílẹ̀ sínú ilẹ̀. Ní àwọn ilẹ̀ tí òjò ti wọ́n, iyọ̀ ni ó ń fi sílẹ̀. Kò sí omi odò tí kò ní iyọ̀ díẹ̀ nínú, bí ẹnu kò tilẹ̀ lè tọ́ ọ wò. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní iyọ̀ inú lítà omi kan kò ju gíráàmù 0.3 lọ, tí àgbẹ̀ kan sì dá omi tí àpapọ̀ jíjìn rẹ̀ jẹ́ mítà kan sórí hẹ́kítà kan láàárín ọdún kan. Lítà omi náà jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá, iyọ̀ tí ó bá a wọlé sì jẹ́ tọ́ọ̀nù 3. Oòrùn yóò fa omi lọ. Kì í fa iyọ̀ lọ. Bí òjò tàbí ọ̀nà ìjáde kò bá ṣan án nù, inú ilẹ̀ ni yóò wà. Bí omi abẹ́ ilẹ̀ bá sì tún ga sókè títí ó fi súnmọ́ ojú ilẹ̀, yóò máa fa iyọ̀ láti ìsàlẹ̀ gòkè wá pẹ̀lú, títí ojú ilẹ̀ yóò fi funfun bí ẹni pé a da eérú sí i.

Àwọn ará Íjíbítì mọ ọ̀ràn yìí ju gbogbo ènìyàn lọ. Ó ju 4,000 ọdún lọ tí wọ́n fi ń dá omi odò Náílì bo oko wọn. Nígbà tí odò bá kún, wọn yóò ṣí i sínú àwọn ojú oko ńláńlá tí a mọ ògiri ilẹ̀ yí ká, yóò dúró níbẹ̀ fún nǹkan bí ogójì ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹrẹ̀ ọlọ́ràá inú rẹ̀ yóò sì rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò dá a padà sínú odò, tí wọn yóò sì fọ́n àlìkámà àti ọkà báálì sínú ẹrẹ̀ tútù náà. Omi tí ń padà lọ yìí ni ó ń gbé iyọ̀ lọ lọ́dọọdún, ilẹ̀ náà kò sì gbó. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pa ọ̀nà náà tì díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n lè máa gbin nǹkan yí ọdún ká. Wọ́n parí ìsédò Aswan àkọ́kọ́ ní 1902, àti èyí tí ó tóbi jù ú lọ ní 1970. Ìkórè wọn pọ̀ sí i gidigidi, kò sí ẹni tí yóò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ń wọ oko ní gbogbo ìgbà báyìí, kò sì sí ìgbà tí ó ń padà lọ. Omi abẹ́ ilẹ̀ ga sókè, iyọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ. Ìjọba ní láti náwó ńlá lórí rírì páìpù sí abẹ́ ilẹ̀ káàkiri, kí omi lè tún rí ọ̀nà jáde. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Pakistan, lẹ́bàá odò Indus, níbi tí a ti ní láti máa gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ láti nǹkan bí 1960 láti fa omi abẹ́ ilẹ̀ sọ̀kalẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀nà jíjìn nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Kano, níbi tí ìsédò Tiga tí a parí ní 1974 ti ń fún ọ̀pọ̀ oko ìrẹsì àti tòmátì ní omi, àwọn ibì kan wà tí omi ti rin ilẹ̀ jù, tí iyọ̀ sì ti yọ sí ojú rẹ̀, nítorí pé àwọn kòtò tí omi ń gbà jáde dí. Níhà tiwa níbí, òjò tí ń rọ̀ lọ́dún ju mìlímítà 1,000 lọ ní ọ̀pọ̀ ibi, ó sì ń ṣan iyọ̀ nù fún wa láì gba owó. Ibi méjì ni kí a ti ṣọ́ra. Èkínní ni etí ọ̀sà, ní ìhà Ẹ̀pẹ́ àti ilẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí omi òkun ti ń wọ inú ọ̀sà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: ẹ tọ́ omi náà wò kí ẹ tó ṣí i sí oko, bí ẹnu bá lè mọ iyọ̀ inú rẹ̀, ìrẹsì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Èkejì ni òkè Ọ̀yọ́, ní ìhà Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti ń gùn. Ìsédò ńlá wà lórí odò Ògùn lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Àgbẹ̀ tí ó bá fẹ́ la ọ̀nà omi láti ibẹ̀ wọ oko rẹ̀, kí ó la ọ̀nà ìjáde rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà, kí ó má ṣe fi í sílẹ̀ di ọdún tí ń bọ̀.

Ó kù kí a sọ bí a ti í ṣe é.

Iṣẹ́ tí ó le jù lọ ni títẹ́ ojú oko. Bí ojú oko kò bá tẹ́jú, ibi tí ó jìn yóò rì ọ̀dọ́ ìrẹsì mọ́lẹ̀, ibi tí ó ga yóò sì hu èpò, omi tí ẹ bá sì fi kún un láti gba ibi gíga là ni yóò pa ibi jíjìn. Ẹ kò nílò ẹ̀rọ ìwọ̀n. Ẹ dá omi díẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ sì wo ibi tí ilẹ̀ ti yọ orí. Láti ibẹ̀ ni kí ẹ ti fi ọkọ́ fa ẹrẹ̀ lọ sí ibi tí ó jìn. Bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ jẹ́ kí ojú oko kéré. Ojú oko mẹ́wàá tí ó tẹ́jú sàn ju ọ̀kan ńlá tí ó dagun lọ. Bí ilẹ̀ bá sì jẹ́ iyanrìn, ẹ má ṣe dáwọ́ lé e rárá: ẹnu ọ̀nà ni yóò ti mu gbogbo omi tán, kò ní í dé ìdí oko, àti pé bí ó ti ń wọlẹ̀ lọ ni yóò máa gbé ajílẹ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ti yúríà, ẹ má ṣe fọ́n ọn sórí omi tí ó jìn. Apá tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ yóò bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ ṣí omi kúrò, ẹ fi í sínú ilẹ̀ tútù, kí ẹ sì dá omi padà ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Èyí tí kò bá jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ kí ó tún tutù, kí ó gbẹ kí ó tún tutù lẹ́yìn fífi ajílẹ̀ sí i, ni yóò jèrè jù, nítorí irú yíyípo bẹ́ẹ̀ ni ó ń sọ náítírójìn di afẹ́fẹ́ bí a ti wí ṣáájú.

Ó tilẹ̀ yẹ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ìrẹsì ń fẹ́ omi lórí ilẹ̀. Láti mú kílógíráàmù ìrẹsì kan jáde, tí a kò tíì bó èèpo rẹ̀, nǹkan bí lítà 2,500 ni omi òjò àti ti odò tí ń wọ oko, apá púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó sì ń lọ lásán. Ọ̀nà kan wà tí ilé iṣẹ́ ìwádìí ìrẹsì ní Philippines gbé jáde, tí a fi lè dín omi kù títí dé nǹkan bí ìdá mẹ́ta láì dín ìkórè kù. Ẹ gé ọparun tí gígùn rẹ̀ tó ínṣì 12, kí ẹ lu oríkèé inú rẹ̀ jáde, kí ẹ sì lu ihò wẹ́wẹ́ yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká. Ẹ rì í sínú oko kí ó ku ínṣì mẹ́rin lókè, kí ẹ sì kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀ jáde. Láti ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí a ti tún ìrẹsì gbìn, ẹ dá omi tí ó jìn tó ínṣì méjì, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ kí ó máa lọ fúnra rẹ̀. Omi yóò kúrò lójú ilẹ̀, ojú yóò sì máa kán yín. Ẹ wo inú ọparun: níwọ̀n ìgbà tí omi inú rẹ̀ kò bá tíì lọ sílẹ̀ ju ínṣì mẹ́fà lọ sí abẹ́ ilẹ̀, gbòǹgbò ṣì ń rí i mu. Ìgbà tí ó bá dé ínṣì mẹ́fà ni kí ẹ tó dá òmíràn. Bí ìrẹsì bá kù díẹ̀ kí ó tanná, ẹ dá omi sí i láti ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú títí di ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó gbẹ rárá, nítorí pé òùngbẹ ìgbà ìtanná ni ó ń sọ ìrẹsì di èèpo òfìfo. Afẹ́fẹ́ tí ń wọ ilẹ̀ láàárín ìgbà náà ń dín wàhálà irin kù, ó sì ń dín míténì kù pẹ̀lú.

Àwọn tí ó ń gbin ẹ̀fọ́ tàbí àgbàdo sí ojú oko kan náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń ráhùn pé ilẹ̀ ìrẹsì le bí àpáta. Bẹ́ẹ̀ ni. Ríro ẹrẹ̀ nínú omi ni ó fọ́ ilẹ̀ náà kúnná tí ó sì lẹ̀ pọ̀ nígbà tí ó gbẹ. Ohun tí ó dára fún ìrẹsì, tí ó ń dá omi dúró, ni ó ń dí gbòǹgbò tẹ̀tẹ̀ àti ilá lọ́nà. Ẹ má ṣe dúró kí ó gbẹ tán. Ẹ kọ ebè nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ da koríko ìrẹsì àti ìgbẹ́ adìẹ mọ́ ọn. Kí ẹ má sì sun koríko ìrẹsì náà, bí àwọn kan ti ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ aládùúgbò ni ó kẹ́yìn. Ọ̀nà ìjáde oko yín ni ẹnu ọ̀nà ìwọlé oko ẹlòmíràn. Kí ẹ tó ṣí omi kúrò, bóyá fún ajílẹ̀ ni o tàbí fún ìkórè, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ mọ̀, nítorí ó lè jẹ́ pé àná ni ó fi yúríà sí tirẹ̀, tàbí pé ọ̀dọ́ ìrẹsì rẹ̀ kò tíì ga ju ìka ọwọ́ lọ. Ní àwọn ibi tí àkùrọ̀ jẹ́ ti ẹbí púpọ̀, ó dára kí a jọ pàdé lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, kí a fẹnu kò lórí ọjọ́ tí a óò kó ẹrẹ̀ inú kòtò àjọni, ẹni tí yóò máa ṣí omi, àti ìgbà tí yóò máa ṣí i. Ní ti ìkórè, nígbà tí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin orí ìrẹsì bá ti pọ́n, ó kù bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá kí ẹ gé e, ni kí ẹ ṣí ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, kí ilẹ̀ lè le tó fún ẹsẹ̀ àwọn tí ń kórè, kí èso sì gbó pọ̀. Ẹ má ṣe dí i padà lẹ́yìn ìkórè. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di ìgbà tí ẹ óò tún mú ọkọ́ wọlé.